Bí a ṣe ń gbọ́ tẹnu ará ilé-ẹ̀kọ́ kí a tó ṣòfin lórí èébú ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti àbùkù ara

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ l'Ékòó, bí ọ̀rọ̀ èébú ẹ̀yà bá ti di ariwo, ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà ń ṣe. Híìdì á bá àwọn ọmọ wí ní àsẹ́ńbílì, tíṣà kan á kọ òfin sára pátákó, wọ́n á sì mẹ́nu bà á níparí ìpàdé òbí, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó PTA ti dá gbogbo ènìyàn lágara. Kò ní pẹ́ tí "ọmọ Íbò", "àbókí", "Ègùn" àti "afín" á fi padà sẹ́nu àwọn ọmọ. Ẹ̀yìn ilé ìtọ̀ ni wọ́n kàn gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó bi àwọn tí wọ́n ń bú léèrè kí wọ́n tó ṣòfin. Bẹ́ẹ̀, a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Híìdì, prínsípà, tíṣà, àti ọmọ ìgbìmọ̀ PTA tàbí SBMC (ìgbìmọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ àti àdúgbò jọ fi ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́) ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Táàmù kan gbáko ni iṣẹ́ náà máa gbà. Ohun tí màá tẹnu mọ́ jù ni pé ìpàdé gbogbogbò ló yẹ kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ìpàdé òbí bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó pọ̀ jù tí ohùn wọn sì ròkè jù ló máa gbọ́, á wá pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn.

Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tí òfin ti parí sọ́tọ̀

Ẹ mú ìwé méjì. Ẹ kọ "Èyí tí òfin ti parí" sórí ọ̀kan, kí ẹ kọ "Èyí tí a fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lé lórí" sórí èkejì. Ó lè gba odidi ọ̀sán kan, ẹ má sì kánjú, torí ibí yìí gan-an ni ìpàdé ti máa ń dàrú.

Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní a kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn tàbí èrò òṣèlú fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí bí wọ́n ṣe bí i fi nǹkan dù ú. Láti 2007 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀. Ní 2011 ni wọ́n ṣe òfin àwọn aláàbọ̀ ara, òun náà ló dá LASODA sílẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn. Ti híjáàbù ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí pàdánù ẹjọ́ náà nílé-ẹjọ́ gíga n'Íkẹjà ní 2014, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre ní 2016, nígbà tó sì di ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n lè wọ híjáàbù mọ́ yúnífọ́ọ̀mù nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba l'Ékòó.

Nítorí náà, bí bàbá kan bá dìde tó ní "Ẹ jẹ́ ká dìbò bóyá ká gba híjáàbù láàyè", alága ò gbọdọ̀ yíjú sí àwùjọ kó ní "Kí lẹ rí sí i?" Ohun tó yẹ kó sọ ni pé: "Ẹ ṣeun sà. Ìyẹn ti kúrò lọ́wọ́ wa. Èyí tó kù lọ́wọ́ wa ni àwọ̀ tó máa bá yúnífọ́ọ̀mù mu, àti ohun tí a máa ṣe bí ọmọ kan bá fa híjáàbù ẹlòmíì kúrò lórí." Bákan náà ni fún ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara: a kì í dìbò bóyá kó wà ní kíláàsì, a lè jọ sọ̀rọ̀ lórí kíláàsì wo ló yẹ kó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí a bá gbé sórí ìbò ti di àbùkù fún un, bó tiẹ̀ jáwé olúborí.

Ohun tó máa wà lórí ìwé kejì kì í ṣe kékeré: ọ̀rọ̀ tó ń dun àwọn ọmọ, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ẹni tí wọ́n lè sọ fún, bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ní àsẹ́ńbílì, ọjọ́ tí ìdánwò ń bọ́ sí, orúkọ ìnagijẹ tí àwọn tíṣà fúnra wọn ń sọ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló sì máa ń gbóná jù, kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láyé ìjọba amúnisìn, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn mísọ́nnárì ló gbòde l'Ékòó, àwọn òbí Mùsùlùmí sì ń fà sẹ́yìn nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á sọ ọmọ àwọn di Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Ìyẹn ló fà á tí ìjọba fi ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí tirẹ̀ ní Èkó ní 1896. Láàárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní 2001, ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn kan padà. Ìdí nìyẹn tí ilé-ẹ̀kọ́ kan fi ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́, tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ẹ má wo orúkọ ara géètì kí ẹ tó mọ ẹni tí ẹ máa bi léèrè.

Ta ni yóò béèrè?

Ènìyàn márùn-ún sí méje tó. SBMC ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ sí, nítorí bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, òbí, tíṣà, akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ará àdúgbò ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ lóòótọ́. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ẹ̀yà kan, tàbí tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ẹ fi ẹlòmíì kún wọn. Ẹ má sì sáré lọ mú olóyè ẹ̀yà kan torí pé ó ń dé fìlà pupa. Ìyá tó ń ta ẹja ní Òyìngbò tí ọmọ rẹ̀ wà ní JSS 2 mọ ohun tó ń lọ ju olóyè tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà.

Híìdì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kó fún wọn láyè, kó sì jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọ kì í fẹjọ́ tíṣà sùn lójú tíṣà tó di pàṣán mú.

Kí ẹ tó bi ọmọ kan ṣoṣo ní ìbéèrè, ẹ yan ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ tó bá wúwo. Ẹ̀ ń béèrè nípa èébú, ọmọ kan lè ṣàdédé sọ pé wọ́n ń lu òun nílùkulù nílé, tàbí pé ẹnìkan ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ mọ́. Kí ẹni tí ẹ yàn ti mọ ọ̀nà DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, kó sì gbéra lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣèlérí fún ọmọ pé "mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni". Ẹ sọ pé "ẹni tó lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni màá sọ fún".

Àwọn ọmọ ló ṣíwájú

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀: géètì, àwọn kíláàsì, ilé ìtọ̀, ibi ẹ̀rọ omi, ibi tí màmá olóúnjẹ ń jókòó sí, ibi tí wọ́n ti ń tò láàárọ̀. Ẹ kó ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra jọ, kí kálukú mú òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta dání. Ẹ ní, "Ẹ fi òkúta síbi tí ẹ ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń bani nínú jẹ́." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn káàkiri orí àwòrán náà, kí wọ́n máa gbé òkúta kúrò níbí sọ́hùn-ún bó ṣe wù wọ́n. Bí wọ́n bá ṣe tán, ibi tí òkúta pọ̀ sí ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀: ìgbà wo ló máa ń ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n ń sọ, àgbà wo ló máa ń wà nítòsí? Ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni pé ta ló fi òkúta síbí. Kí ẹ tó fi omi nù ún, ẹ ya á sínú ìwé, ẹ kọ iye òkúta síbi kọ̀ọ̀kan.

Ṣe ẹ rí eré òkúta yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwé ìbéèrè lọ, torí ó ń fi ibi tí ẹ ò ronú kàn hàn. Àgbà máa ń rò pé inú kíláàsì ni wàhálà wà. Ẹ jẹ́ kí òkúta sọ bóyá ìlà omi ni, tàbí ibi tí àwọn ọmọ ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ Màrúwà lẹ́yìn ìparí iṣẹ́.

Ohun kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe rárá: ẹ má dúró sójú ọ̀nà kíláàsì kẹ́ ẹ ní "Àwọn ọmọ Íbò, ẹ máa bọ̀", tàbí "Àwọn tí kì í ṣe Yorùbá, ẹ dúró sẹ́yìn". Ẹ ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́ wòsàn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn gan-an lẹ fẹ́ gbọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kí gbogbo kíláàsì kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà: ìwé kan náà, báírò àwọ̀ kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá ní nǹkan sọ, kó kọ ohun tó jẹ láàárọ̀ síbẹ̀. Bí gbogbo ọwọ́ bá ń kọ̀wé, kò sẹ́ni tó máa mọ ọmọ tó ń kọ ohun tó ń dùn ún. Ìbéèrè mẹ́rin ti tó:

- Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n máa ń pe ènìyàn nílé-ẹ̀kọ́ yìí tí o fẹ́ kó dópin?
- Nígbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, kí ni àgbà tó wà níbẹ̀ ṣe?
- Ta lo lè sọ fún níbí? Bí kò bá sí, kọ "kò sí".
- Ṣé ohun kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe tó ń yọ ẹ́ sílẹ̀?

Ìbéèrè kejì ni kí ẹ fojú sí jù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìdáhùn ibẹ̀ bá jẹ́ "tíṣà bá wọn rẹ́rìn-ín", òfin tuntun kọ́ ló kọ́kọ́ nílò.

Ẹ má bèèrè orúkọ, ẹ má sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀yà. Bí ọmọ Ègùn kan ṣoṣo bá wà nínú kíláàsì ọmọ ogójì, tí ẹ bá ní kó kọ ẹ̀yà rẹ̀, ẹ ti ní kó kọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kan ìwé tí ọmọ kọ náà. Ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹni méjì péré ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sun ún bí ẹ bá ti tò ó tán. Ọmọ tí kò ríran ò lè lo ìwé yìí, ọmọ tó jẹ́ adití ò sì lè gbọ́ ìbéèrè tí ẹ bá fẹnu bi í. Ní Súrùlérè, ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ti àwọn afọ́jú wà níbẹ̀, Wesley ti àwọn adití náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn tíṣà wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Òbí: ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà

Ìwé tí ẹ bá tẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ sì kì bọ inú báàgì ọmọ, àwọn òbí tó ń kàwé nìkan ló máa dáhùn rẹ̀. Ìpàdé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ti lé àwọn ọlọ́jà dànù. Ọjọ́ Ẹtì láàárín aago kan sí méjì, Jímọ̀ ti gbà á. Ọjọ́ Àìkú, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Sátidé rèé, aṣọ ẹbí ti gbà á. Ìgbà tó dáa jù ni àkókò tí wọ́n ń wá mú ọmọ. Ẹ to àga mẹ́ta sábẹ́ òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kí ẹnìkan máa béèrè, kí ẹnìkan máa kọ, ìṣẹ́jú márùn-ún fún òbí kan, fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí kò bá lè wá, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà kan tí wọ́n lè fi ohùn ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Kì í ṣe inú gúrúùpù kíláàsì o! Gbólóhùn kan níbẹ̀ á ti dé àdúgbò kejì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti èdè tún wà níbẹ̀. Ní Mákòkó, ẹ nílò ẹni tó gbọ́ Ègùn; ní apá Obáléndé, ẹni tó gbọ́ Haúsá; ní gbogbo ibi, ẹni tó lè sọ Píjìn láìfi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀. Ẹ̀ ń bi ìyá bóyá wọ́n ń fi ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀sín, ọmọ náà ló sì ń túmọ̀. Ohun tó máa sọ ni pé "Màmá mi ní kò sí wàhálà".

Ẹ máa pàdé bàbá kan tó máa ní: "Ṣé èyí náà le tó báyìí? Àwàdà là ń bá ara wa ṣe. Àwa àti Íbò ti jọ ń gbé tipẹ́." Ẹ má bá a jiyàn, ó sì lè jẹ́ ọmọlúàbí gidi. Ẹ bi í pé: "Sà, kí ni wọ́n máa ń pe ẹ̀yin náà tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́?" Ó máa rò ó wò. Yorùbá tó bá ti gbọ́ "ofe mmanu" ("ọbẹ̀ elépo" lédè Íbò) rí lẹ́nu ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ̀ pé ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ṣí.

Àwọn ọmọ ò dá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìbò oṣù kejì àti oṣù kẹta 2023, àríyànjiyàn ta ló ni Èkó gba orí fóònù àwọn òbí, kò sì sí géètì tó lè dá a dúró. Ní Múṣin àti Ìdí-Àràbà, àwọn kan ṣì rántí ìjà Yorùbá àti Haúsá ti oṣù kejì 2002. Torí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nígbà tí ìpolongo ìbò bá ń lọ. Táàmù tó ṣíwájú rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni tó ń gbé àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú má sì jókòó lórí àga mẹ́ta yẹn.

Tíṣà, màígádì àti màmá olóúnjẹ

Ẹ pe àwọn tíṣà lọ́tọ̀, láìsí híìdì àti láìsí igbákejì rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe láìdáa. Àwọn kan ò mọ ohun tí òfin gbà wọ́n láyè láti sọ fún òbí tó wá ń jà. Màígádì àti màmá olóúnjẹ, ẹ má fo wọ́n. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí tíṣà kì í gbọ́, wọ́n sì wà lára àwọn tí wọ́n ń bú.

Títo ohun tí ẹ gbọ́

Ẹ pín in sí mẹ́ta: ohun tí ọmọ ń ṣe sí ọmọ, ohun tí àgbà ń ṣe, àti ohun tí ètò ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe láìsí pé ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni. Ìkẹta yìí ni kò sẹ́ni tó máa ń rí. Ọmọ afín tó ń dúró nínú oòrùn títí àsẹ́ńbílì á fi parí, tí wọ́n tún fi jókòó sẹ́yìn kíláàsì níbi tí kò ti lè rí pátákó, kò sẹ́ni tó pe é lórúkọ burúkú. Ìyà ló ṣì ń jẹ. Fìlà, òjìji àti ìjókòó iwájú kò ná ilé-ẹ̀kọ́ ní kọ́bọ̀.

Ọmọ oníṣẹ̀ṣe náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbàdúrà ti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, wọ́n gbà ti Mùsùlùmí, gbogbo ènìyàn rò pé ó ti dọ́gba, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo sì ń wo ilẹ̀. Ẹ lè yan ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan dípò àdúrà kẹta, ẹ sì lè wá ọ̀nà míì, ṣùgbọ́n ẹ bi òun náà léèrè kí ẹ tó yàn.

Ẹ má ka ọ̀rọ̀ bí ìbò. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá kọ pé kò sí wàhálà, tí ọmọ kan kọ pé òun kì í mu omi láti àárọ̀ torí ohun tí wọ́n ń sọ fún òun nídìí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ọmọ kan yẹn ni iṣẹ́ yín.

Ẹ dá ọ̀rọ̀ padà, kí ìpàdé gbogbogbò tó wáyé

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ bá parí ìbéèrè, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri, kí ẹ sì kà á ní àsẹ́ńbílì: èyí ni ẹ sọ, èyí ni a ti ṣe, èyí ni a ò lè ṣe, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Kí ohun kan ó kéré tán ti yí padà kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ tíṣà kan tó ń dúró nídìí omi nígbà ìsinmi. Àwọn tí ẹ bi léèrè tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, wọn ò ní dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó kọ ìlànà, ojú ìwé kan péré, ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìn. Kó sọ ẹni tí ọmọ máa bá, pé wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìgbà tí wọ́n máa pe òbí, ìwé tí wọ́n máa kọ ọ́ sí, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá jẹ́ tíṣà ló sọ ọ́. Kó má sí pàṣán níbẹ̀. Kó má sì sí "ẹ bọ ara yín lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, ó ti tán". Àgbà ni ìyẹn ń tù nínú. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún àwọn ọmọ àti òbí tó sọ̀rọ̀ jù, kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi kún un.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá pe ìpàdé ńlá, pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ kankan. Alága ò gbọdọ̀ kọjú sí òbí kan kó ní "Ẹ bá wa sọ ohun tí ẹ̀yin Íbò rò". Ọmọ rẹ̀ ló wá ṣojú fún, kì í ṣe ẹ̀yà. Bí ẹnìkan bá ké pé "Ilẹ̀ bàbá wa rèé o", kí alága jẹ́ kó parí gbólóhùn rẹ̀, kó ní "A ti gbọ́, sà. Ìlà wo nínú ìwé yìí lẹ fẹ́ ká tún ṣe?" Bí kò bá ní ìlà kankan, ẹni tó kàn ló máa sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn táàmù kan

Ẹ tún ya ọgbà náà sílẹ̀, kí ẹ tún pín òkúta. Ẹ fi iye tuntun wé ti àtijọ́. Bí ẹjọ́ tó wọ inú ìwé bá pọ̀ sí i ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù, ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ti gbà pé ẹnìkan ń gbọ́ ni. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ìwé tó ṣófo, tí òkúta sì ṣì kún ibi ẹ̀rọ omi.

Wọ́n máa ń gbé prínsípà láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, fáìlì sì lè bá a lọ. Nítorí náà, ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta ìlànà àti àwòrán òkúta: ọ̀kan fún ọ́fíìsì híìdì, ọ̀kan fún akọ̀wé SBMC, ọ̀kan fún àwọn tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ yín. Fún sẹ́kọ́ńdírì ìjọba, Education District ni, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó wọn ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Bí àpẹẹrẹ, ti Lagos Island wà ní Fálọmọ, District III, ti Lagos Mainland àti Súrùlérè wà ní Sábó, Yábà, District IV. Ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ń lọ sọ́dọ̀ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nípasẹ̀ ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bí ẹ bá gbé e débẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ kọ déètì sí i.